Ìpè Àkọ́kọ́ ní Mápó

Ẹni tó bá dúró lórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn Mápó ní ìyálẹ̀ta, tó kọjú sí Ọ̀rányàn, òrùlé páànù tó ti dípẹtà ni yóò máa wò lọ títí ojú rẹ̀ yóò fi rẹ̀. Òrùlé forí kan òrùlé, agbo ilé wọnú agbo ilé. Àlejò lè wò ó kó ní kí ló wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, tí ayé wá gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn, kò ní béèrè bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé abẹ́ páànù kọ̀ọ̀kan ló ní ìtàn tirẹ̀, àti pé òmíràn wà nínú wọn tí ń mú kí àgbàlagbà gbórí sókè níbi yòówù kó wà. Èyí tí a fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti ayé ijọ́hun. Ìgbà tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń kan rọ́bọ́ọ̀tì ló ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ tí ń fi ọwọ́ irin ṣa bọ́ọ̀lù nílẹ̀, tí ń jù ú sínú agbọ̀n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin ló wà nídìí rẹ̀, ìyẹn ò sì tíì yí padà láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Zulaihat ni orúkọ obìnrin náà. Ọmọ Alhaji Sàláúdéènì ni, aránfìlà tí gbogbo Ọ̀rányàn mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Ó kàwé físíìsì ní yunifásítì, ó sì padà wá ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iléèwé gírámà kan tí kò jìnnà sílé bàbá rẹ̀. Òun ló kó ọmọbìnrin méje jọ tí wọ́n fi irin fèrèsé àlòkù, mọ́tò wáípà ọkọ̀, àti táyà kẹ̀kẹ́ ọmọdé kan ẹ̀rọ tí wọ́n sọ ní Àjọkẹ́, nítorí pé gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń kẹ́ ẹ.

Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ni òun àti ọkùnrin ọ̀hún, Oyèdélé, ti kọ́kọ́ fojú kanra. Àbúrò bàbá Zulaihat obìnrin, Kúlúsúmù, tí gbogbo ọjà ń pè ní Ìyá Onírin, ní ìsọ̀ bóòtù àti nọ́ọ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríta ńlá níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, Zulaihat dé ìsọ̀ náà, ó bá ọkùnrin gíga kan tí ẹfun pátákó ṣì wà lápá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tó ń ṣa irú bóòtù tíńtín tí òun náà ń wá. Ó ku díẹ̀ kó ṣà á tán. Zulaihat kí i, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣẹ́ díẹ̀ kù, ó sì sọ ohun tí òun fẹ́ fi ṣe. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní olùkọ́ lòun náà ní Yemẹ́tù, àti pé rọ́bọ́ọ̀tì àwọn ọmọ òun ló já lẹ́sẹ̀.

"Mélòó lẹ fẹ́?"

"Méjìlélọ́gbọ̀n."

"Ẹ̀rọ yín wúwo o. Tiwa ò gbà ju ogún lọ."

"Bóyá ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi já lẹ́sẹ̀."

Ìyá Onírin, tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn tábìlì, ní èmi tí mo lọjà ò tíì fọhùn, ẹ̀yin oníbàárà ti ń na ara yín lọ́rọ̀. Ọkùnrin náà jókòó, ó ka bóòtù méjìlélọ́gbọ̀n lé Zulaihat lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé mọ́kànlá tó ṣẹ́kù lọ. Kò dé ìsọ̀ kejì tó fi yíjú padà. Ìyá Onírin rí i. Àwọn obìnrin ọjà kì í sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nù.

Nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n tún pàdé nínú ìdíje rọ́bọ́ọ̀tì ńlá tó wáyé l'Ékòó. Ẹgbẹ́ Oyèdélé bá a débi tó dára. Àjọkẹ́ ò ju ìṣẹ́jú kan lọ tí wáyà kan fi já nínú rẹ̀, tó sì dúró gbagidi lójú ìlú bí ewúrẹ́ tó kọ òjò. Àwọn ọmọbìnrin sunkún. Zulaihat rẹ̀ wọ́n lẹ́kún tán kó tó lọ jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí kò sẹ́ni tó máa rí tirẹ̀. Oyèdélé wá a débẹ̀. Kò sọ fún un pé kó má sunkún, kò ní ọdún mìíràn ń bọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ fi wáyà yẹn hàn mí."

Láti ọjọ́ yẹn ni ìwé orí fóònù ti ń lọ, tó ń bọ̀ láàárín wọn. Ìfẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ wáyà àti táyà ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Oyèdélé á kọ ọ́ ránṣẹ́ pé táyà iwájú ń yọ̀, Zulaihat á kà á lẹ́ẹ̀mẹta, á máa wá ohun tí kò sí nínú rẹ̀, á sì rí i níbẹ̀. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá tí kò gbọ́ nǹkan, ọ̀rọ̀ físíìsì tó ń kọ́ àwọn ọmọ á dà rú mọ́ ọn lẹ́nu.

Oyèdélé kò ṣe bí àwọn ọkùnrin ìsinsìnyí tí í dá ọ̀rọ̀ sọ ní kọ̀rọ̀. Ó mọ ibi tó ti ń fẹ́ ìyàwó. Ó lọ bá Ìyá Onírin ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ láàárín bóòtù àti nọ́ọ̀tì, ó ní kó bá òun ṣe alárenà. Nígbà tí Ìyá Onírin gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Zulaihat, Zulaihat ní rárá. Ìyá Onírin rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó tún dé. Zulaihat ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rò ó. Nígbà kẹta, Zulaihat kò sọ nǹkan kan, ó dorí kodò, ó ń fi èékánná họ etí tábìlì. Ìyá Onírin ní alhamdulillah, ó gbé báàgì rẹ̀.

Bí wọ́n ti tọ́ Zulaihat nìyẹn. Ìyá bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ lẹ́yìn tí ìyá tó bí i ṣaláìsí, màmá náà kì í sì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Bí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ̀ ọ́ nílé ẹlòmíì, o ti yó. Bí wọ́n bá fún ọ lẹ́bùn, kí wọ́n má ṣèyọnu. Bí ọkùnrin bá ránṣẹ́, rárá. "Ìpè àkọ́kọ́, ti ẹnu-ọ̀nà ni," ni màmá máa ń wí. "Ẹni tó bá fẹ́ ọ dénú á tún pè."

Inú oṣù karùn-ún ni Oyèdélé tẹ̀lé Ìyá Onírin wá kí Alhaji. Gbogbo ilé rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni yóò ṣòro, nítorí pé ọmọ Aládùúrà ni Oyèdélé. Alhaji ò tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀sìn. Fìlà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń rán etí rẹ̀. Ó béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, Oyèdélé ní olùkọ́ ni, iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú Zulaihat. Alhaji gbójú sókè.

"Ta ló wá mọ̀ ọ́n jù nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Oyèdélé rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èmi náà ń gbìyànjú, sà."

Alhaji kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kó lọ dá ọmọ náà lóhùn pé kó wá ibòmíràn lọ.

Ọjọ́ kejì ni Zulaihat lọ bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń rán fìlà. Ó kúnlẹ̀. Ó ní bí ó bá ṣe pé ẹ̀sìn ni, kí bàbá sọ fún òun.

"Ẹ̀sìn kọ́," ni Alhaji wí. "Ìdílé wo ní Ìbàdàn yìí ni Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ò ti jọ ń fọwọ́ bọ abọ́ kan? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń lu agogo fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì." Ó fi fìlà sílẹ̀. "Ìyá rẹ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ nígbà tí mo fẹ́ ẹ. Ó ku ọdún kan péré. Èmi ni mo ní kó jókòó sílé."

Zulaihat kò gbọ́ ọ rí. Wọ́n ti máa ń sọ fún un pé àìsàn ló dá ìyá rẹ̀ dúró.

"Àwọn ènìyàn ti ń pè é ní tíṣà kó tiẹ̀ tó jáde. Èmi jẹ́ aránfìlà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa nàka sí mi pé ọkọ tíṣà ló ń lọ yẹn. Ó jókòó. Kò bá mi jà. Ọdún méjìlá tó lò nílé yìí, bí ọmọ kan bá ti ń kàwé sókè lójúde, á dákẹ́, á tẹ́tí. Mo máa ń rí i." Alhaji tún gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀. "Ọmọkùnrin yẹn, ẹnu rẹ̀ dùn. Ẹnu tèmi náà dùn nígbà náà. Mi ò tíì rí ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ta yọ, tí ojú rẹ̀ ò kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Bí mo bá rí ọ̀kan, màá sọ fún ọ."

Zulaihat fẹ́ bínú, kò rí ibi tí yóò gbé ìbínú náà kà. Èyí tó wá dùn ún jù ni pé kò mọ̀ bóyá bàbá òun ń parọ́. Òun ò tíì ta Oyèdélé yọ nínú ohunkóhun rí. L'Ékòó, òun ni ẹ̀rọ rẹ̀ kú. Lórí fóònù, òun ni í máa béèrè, Oyèdélé ni í máa dáhùn. Báwo ni ojú rẹ̀ yóò ti rí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá yí padà? Ó ronú láti sọ fún un, ó sì kó ara rẹ̀ níjàánu. Ojú tí a ti kìlọ̀ fún kì í ṣe ojú tó ń sọ òótọ́. Ó kàn sọ fún un pé bàbá ò tíì gbà. Oyèdélé ní òun á dúró. Ó rọrùn láti sọ.

Oṣù kẹjọ ni ìdíje ọlidé wáyé, nínú gbọ̀ngàn Mápó gan-an. Ìdíje ńlá ti parí tipẹ́. Èyí, àwọn ẹgbẹ́ máa ń fi gbá ara wọn wò ni, kí ọwọ́ àwọn ọmọ má bàa tutù. Kò sí pé ẹni tó bá gbégbá orókè ń lọ sókè òkun. Ṣùgbọ́n Mápó ni, àwọn òbí ọmọ sì wà nísàlẹ̀ òkè níbẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ ti kọjá eré. Ọ̀rányàn tú jáde. Àwọn ìyá ti Ọjà'ba wá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Àwọn tí ń wọ ọkọ̀ ní Bẹ̀yẹrúnkà fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ìyá Onírin ti ìsọ̀ rẹ̀, ó sì fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gun òkè wá. Alhaji jókòó sí ìlà kẹta, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀.

Ẹgbẹ́ méjìlá ló wá. Ní àárọ̀, olúkúlùkù fi ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè ṣe hàn, wọ́n sì tò wọ́n láti ipò kìn-ín-ní dé ìkejìlá. Ẹgbẹ́ Oyèdélé ṣe ipò kìn-ín-ní, ti Zulaihat ṣe ìkarùn-ún. Lọ́sàn-án, wọ́n á máa jà ní méjì méjì. Àwọn mẹ́rin tó ṣáájú ni aṣíwájú. Aṣíwájú kọ̀ọ̀kan yóò pe ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí wọ́n jọ ṣe é, ní gbangba, lórí pèpéle. Ó tiẹ̀ lè pe aṣíwájú bíi tirẹ̀. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ipò karùn-ún á bọ́ sí àyè tó ṣí. Òfin kan ṣoṣo ló le níbẹ̀: ẹgbẹ́ tí wọ́n bá pè, tó bá kọ̀, kò sẹ́ni tó tún lè pè é mọ́. Nítorí pé ti ọlidé ni, olùkọ́ ni wọ́n ní kó máa fọhùn fún ẹgbẹ́.

Zulaihat mọ òfin náà. Òun ló kà á fún àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí wọ́n to àwọn olùkọ́ méjìlá sórí pèpéle, olóòtú ètò gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún Oyèdélé. Oyèdélé ní, "Ẹgbẹ́ mi ń pe ẹgbẹ́ Ọ̀rányàn, ẹgbẹ́ Àǹtí Zulaihat. Bí wọ́n bá gbà fún wa, inú wa á dùn."

Ariwo sọ. Ìyá kan kígbe láti ẹ̀yìn pé ìyàwó ti dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí Zulaihat. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ṣe kòńgẹ́ ti bàbá rẹ̀ ní ìlà kẹta. Ọkùnrin kan ló dúró yìí tó ń pè é lójú bàbá rẹ̀, lójú gbogbo Ọ̀rányàn. Ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré ló jáde lẹ́nu rẹ̀ kí orí rẹ̀ tó dé ibẹ̀.

"Rárá o, ẹ ṣeun."

Ó sì dúró, ó ń retí kí ó tún pè.

Olóòtú ètò ní, "Wọ́n ti kọ̀." Ó mú bírò, ó fi ìlà pa orúkọ wọn rẹ́ lójú pátákó.

Ìgbà yẹn ni ohun tó ṣe tó wọ̀ ọ́ lára. Ó wo ìsàlẹ̀ pèpéle. Ọmọbìnrin méje ń wò ó. Karimat, ẹni tó ń wa ẹ̀rọ wọn, fi ọwọ́ bo ẹnu. Oṣù mẹ́wàá tí wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀sán àwẹ̀ tí wọ́n jókòó ti irin láìmu omi, ọ̀rọ̀ kan péré ló fi gbá gbogbo rẹ̀ dànù. Kò tiẹ̀ ronú kan Oyèdélé. Ó ń ronú ohun tí yóò wí fún wọn. Ṣé yóò ní ìwà rere ló pa wọ́n ni?

Oyèdélé náà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n dá padà fún un, bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí. Kò lè pè é mọ́. Ó ní láti pe ẹlòmíràn. Ó wo pátákó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó pe ẹgbẹ́ tó wà ní ipò kejì, àwọn yẹn sì gbà lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Onírin ló kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ nínú èrò. Ó ti dìde kó tó parí ìṣirò. Bí ìkejì bá ti bọ́ sí abẹ́ ìkìn-ín-ní, àyè aṣíwájú kan ṣí, ìkarùn-ún ló kàn. Olóòtú ètò wo ìwé rẹ̀, ó tún un wò, ó ní kí ẹgbẹ́ Ọ̀rányàn bọ́ síwájú, aṣíwájú kẹrin ni wọ́n. Òfin ò ní kí ẹni tó kọ ìpè má pe ẹlòmíràn.

Àwọn méjì yòókù pe tiwọn. Nígbà tó kan Zulaihat, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ti lọ. Ó pe ẹgbẹ́ kan láti apá Ọjà'ba, ipò kọkànlá, ẹ̀rọ tí kò lè ju bọ́ọ̀lù kan, tó kàn mọ bí a ti ń ti ẹlòmíràn sẹ́yìn. Àwọn ènìyàn kùn. Karimat ní, "Àǹtí, àwọn wọ̀nyẹn ò lè ju bọ́ọ̀lù kankan." Zulaihat ní, "Wọ́n mọ bí wọ́n ti ń dínà. Ìwọ ṣáà máa ṣa bọ́ọ̀lù tìẹ."

Aṣíwájú kìn-ín-ní ló ń pàdé ìkẹrin. Oyèdélé ló dúró níwájú rẹ̀ yìí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n á pàdé. Oyèdélé gba ìkíní, kò tiẹ̀ súnmọ́ra. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè bí ẹni ń ju òkò sí máńgòrò. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, àwọn ọmọ Ọjà'ba lọ fara ti ẹ̀rọ yẹn, wọn ò jẹ́ kó ríbi dúró, Àjọkẹ́ sì ń ṣa, ó ń jù. Zulaihat gba ìyẹn. Bí wọ́n ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìkẹta ni iná lọ. Pátákó tí ń ka àmì kú. Bátìrì ni àwọn ẹ̀rọ ń lò, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run sì ń gba ojú fèrèsé wọlé, nítorí náà olóòtú ètò ní kí wọ́n máa bá a lọ, àwọn adájọ́ á fi ojú kà á.

Kì í ṣe àwọn adájọ́ nìkan ló kà á. Bọ́ọ̀lù Àjọkẹ́ kìíní wọ agbọ̀n, ohùn kan láti ẹ̀yìn ní oókan. Ìkejì wọlé, ogún ènìyàn ní eéjì. Nígbà tó di ẹẹ́wàá, gbogbo Mápó ló ń kà á. Àwọn ará Yemẹ́tù ń ka tiwọn, àwọn ará Ọ̀rányàn ń ka tiwọn, ohùn méjèèjì ń lé ara wọn lọ lókè àjà. Mẹ́tàdínlógún sí mẹ́tàdínlógún. Karimat kò gbójú sókè. Àjọkẹ́ sáré sí kọ̀rọ̀, ó ṣa bọ́ọ̀lù kan tó kù lẹ́bàá ògiri, ó yí, ó jù ú. Ohùn kan tó ti gbó, tó sì ga ju ti gbogbo èrò lọ, ló kọ́kọ́ ké "Eéjìdínlógún," Zulaihat sì mọ ohùn náà kó tó wẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ ti dìde. Ọ̀pá rẹ̀ wà nílẹ̀.

Fèrè dún.

Gbogbo ènìyàn sáré lọ bá àwọn ọmọbìnrin méje náà. Zulaihat nìkan ni kò lọ. Ojú Oyèdélé ló ń wò.

Ojú náà korò. Ó rí i kedere. Ó korò bí ẹni tó gbé ewúro jẹ láìfọ̀. Bàbá mi gbọ́n ju mí lọ, ni Zulaihat wí nínú ara rẹ̀. Oyèdélé yíjú sí ògiri fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi mí lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó lọ bá àwọn ọmọ tirẹ̀, ó lóṣòó sáàárín wọn, ó bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tó dìde, ó ní kí wọ́n tẹ̀lé òun. Ó kó gbogbo wọn kọjá láàárín èrò wá síwájú Zulaihat.

"Àwọn ọmọ mi fẹ́ mọ bí ọwọ́ ẹ̀rọ yín ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́bàá ògiri. Tiwa ò lè ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún wa."

Zulaihat lóṣòó ti Àjọkẹ́, ó ń ṣàlàyé, Oyèdélé sì lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Ó béèrè ohun kan, kò yé e, ó tún béèrè. Karimat ló dá a lóhùn. Ó ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí Karimat," àwọn ọmọ sì rẹ́rìn-ín. Zulaihat rọra bi í léèrè nígbà tí ariwo díẹ̀ bò wọ́n, pé ṣé kí àyè lè ṣí fún òun ló ṣe pe ipò kejì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò pe Oyèdélé ní "o", tí kò pè é ní "ẹ".

"Rárá," ni Oyèdélé wí. "Àwọn ló lágbára jù nínú àwọn tó kù. Àwọn ọmọ mi ni mo yàn án fún. O bí mi nínú lọ́jọ́ òní o, má rò pé o ò bí mi nínú."

Ìdáhùn náà tẹ́ ẹ lọ́rùn ju bó ṣe rò lọ. Bó bá ṣe pé ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ tọrọ ojú rere òun ni, báwo lòun á ṣe bá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ gbé?

Nígbà tí wọ́n gbójú sókè, Alhaji ti dúró lórí wọn. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó dé. Oyèdélé fẹ́ dọ̀bálẹ̀, Alhaji fi ọ̀pá dá a dúró.

"Ọmọ yìí nà ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo rí ojú rẹ. Ó dùn ọ́."

"Ó ṣì ń dùn mí, sà."

"Kí lo wá ń wá níbí?"

Oyèdélé nu ọwọ́ rẹ̀ sí ṣòkòtò. "Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, sà. Kí n lè nà wọ́n lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n sì tún lè nà wá o, wọ́n mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ."

Ìyá Onírin ti fẹ́ bá a dá sí i, Zulaihat di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí bàbá náà yóò fọhùn, kì í ṣe Oyèdélé ló ń wò. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò, bóyá ẹlòmíràn nínú ojú ọmọ rẹ̀.

"Ìyá rẹ mọ ìwé kà. Mi ò ní kó kọ́ mi rí."

Ẹgbẹ́ Zulaihat kò gba ife ẹ̀yẹ lọ́jọ́ náà. Ipò kejì ni wọ́n ṣe. Bátìrì wọn rọ nígbà tí ìdíje àṣekágbá kù díẹ̀ kó parí, ti Oyèdélé tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ náà ti lo agbára rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n má ṣe lọ sọ ọ́ ní Ọ̀rányàn pé ipò kejì ni. Wọ́n á ní àlejò ni ọ́, wọ́n á sì fún ọ lómi mu. Gbogbo adúgbò ló tẹ̀lé Àjọkẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, àwọn ọmọbìnrin méje gbé e lé èjìká, àwọn àgbà bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kí wọn, "Ẹ kú orí ire." Wọ́n ní ọmọ Sàláúdéènì ni olórí wọn. Alhaji ń dá wọn lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò fi ẹnì kan sílẹ̀. Lójú ọ̀nà, ẹnì kan pè é ní bàbá tíṣà. Alhaji ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ni.

Níbi tí ọ̀nà ti yà sí Yemẹ́tù, Oyèdélé dúró láti dágbére. Alhaji na ọwọ́ sí i.

"Sọ fún àwọn ènìyàn rẹ kí wọ́n wá."

Oyèdélé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá Onírin ló bá a dúpẹ́. Ó ní wọ́n á wá, insha Allah, ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí gan-an, kí gbogbo ẹbí lè ráyè.

"Kì í ṣe Sátidé," ni Alhaji wí. "Sátidé ni ọmọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì. Ẹ wá ọjọ́ mìíràn."

Ọjọ́bọ ni wọ́n wá.